Gbígbá gọ́ọ̀fù ní Sunningdale, kíláàbù kan nítòsí London: ẹ wá sọ ohun tí ẹ mọ̀

Ọmọ Ìkòyí
Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbá Old Course (àkọ́kọ́ nínú pápá méjì tó wà níbẹ̀), ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ fi ọ̀pá tuntun sílẹ̀ ná. Kíláàbù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni. Wọ́n ń gba àlejò, àmọ́ àárín ọ̀sẹ̀ ni, wọ́n sì máa ń béèrè ìwé-ẹ̀rí handicap (iye tó ń fi hàn bí èèyàn ṣe mọ gọ́ọ̀fù gbá tó). Ẹni tó ń ti Èkó tàbí Ìbàdàn bọ̀, kó gba tiẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kíláàbù rẹ̀ kó tó wọ bàálù. Oṣù Kẹjọ ni heather (igbó kúkúrú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń gbá) máa ń yọ òdòdó elésè àlùkò, gbogbo ayé ló fẹ́ wá nígbà yẹn, nítorí náà ẹ tètè gba àyè. Bí owó ò bá pọ̀ lọ́wọ́, ẹ wo ìgbà òtútù. Ilẹ̀ yanrìn ni, omi kì í dúró lórí rẹ̀, wọ́n ṣì ń gbá níbẹ̀ nígbà tí àwọn pápá alámọ̀ ti di ẹrẹ̀.

Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Reading láti Waterloo, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Sunningdale, kò tó wákàtí kan. Ẹsẹ̀ lásán lèèyàn ń fi rìn dé Ridgemount Road.

Ìyá Wedge
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n fi ti heather kún un, torí òun ló ń ba káàdì tí a ń kọ iye ìgbá sí jẹ́. Ẹ̀ka rẹ̀ yi bí okùn. Bí orí ọ̀pá bá ti ń gba inú rẹ̀ kọjá, á wé mọ́ ọrùn ọ̀pá, ojú ọ̀pá á padé, bọ́ọ̀lù ẹni tó ń fọwọ́ ọ̀tún gbá á ya sósì, tàbí kó má tilẹ̀ kúrò lójú kan. Ẹ gbàgbé iron gígùn (ọ̀pá onírin tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà). Ẹ mú wedge tàbí iron 9 (àwọn ọ̀pá kúkúrú tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè), ẹ ṣí ojú rẹ̀ díẹ̀, ẹ dúró kí bọ́ọ̀lù súnmọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ di ọ̀pá mú gírígírí lọ́wọ́ òsì, kí ẹ sì gbá a láti òkè wálẹ̀ sí ibi tí fairway (ojú ọ̀nà tí wọ́n gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀) ti súnmọ́ yín jù, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni.

Ìṣẹ́jú 3 péré lòfin fún yín láti wá bọ́ọ̀lù. Tí ẹ bá ṣèèṣì mú un kúrò lójú kan nígbà tí ẹ ń wá a, kò sí ìyà, ẹ dá a padà sáyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ ṣẹ́ ẹ̀ka ìdí rẹ̀ kó lè rọ̀ yín lọ́rùn. Tí kò bá ṣeé gbá, ẹ gba ìyà 1 (ìgbá kan tí a fi kún iye yín). Ọ̀pọ̀ ló máa ń wọn ìwọ̀n ọ̀pá 2 láti ibi tí bọ́ọ̀lù wà, tí wọ́n sì tún ju bọ́ọ̀lù sínú heather míì! Ẹ padà sẹ́yìn lórí ìlà tó ti ihò gba ojú bọ́ọ̀lù kọjá títí ẹ ó fi rí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ẹ bá fura pé ó sọnù, ẹ ké "provisional" (bọ́ọ̀lù adípò, bí àkọ́kọ́ bá sọnù) kí ẹ tó gbá èkejì. Tí ẹ ò bá ké e, èkejì yẹn ló di bọ́ọ̀lù yín, pẹ̀lú ìyà.

Àbúrò Driver
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àlàyé. Àwa tá a fẹ́ràn driver, ọ̀pá tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù, ńkọ́? Páà 70 (iye ìgbá tí wọ́n retí) ni Old, Willie Park Jr. ló ṣe é, wọ́n ṣí i ní 1901. Kò gùn, agbára ò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò níbẹ̀.

Ìyá Wedge
Ẹ lo driver ní ihò 10, orí òkè lẹ ó ti gbá a wálẹ̀, ó sì dùn-ún wò. Ihò 3, 9 àti 11 kúrú, àwọn gan-an ló ń tan èèyàn. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú ilẹ̀ le, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ kó tó dé green (ojú koríko kúkúrú tí ihò wà), á yí dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Bobby Jones, gbajúgbajà agbá gọ́ọ̀fù ará Amẹ́ríkà, gbá 66 níbẹ̀ ní 1926: 33 ní ihò mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, 33 ní mẹ́sàn-án ìkẹyìn.

Ọmọ Ìkòyí
Lẹ́yìn green 10, búrẹ́dì pẹ̀lú sọ́séèjì wà ní ahéré ibẹ̀. Ẹ rà á, ẹ má jókòó pẹ́, àwọn kan ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ gbá New Course (pápá kejì, Harry Colt ló ṣe é, 1923) mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà, kó fi New sí àárọ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì lágbára, torí bọ́ọ̀lù ní láti fo heather dáadáa níbẹ̀ kó tó dé fairway.