Wíwọ̀n ni àbí kíkà? Èsì lórí “awọlẹ̀”

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ṣágámù dábàá pé kí múọ́ọ̀nù (muon), ẹyọ tín-tìn-tín tí ojú ò lè rí tó ń já bọ́ láti òkè, máa jẹ́ “awọlẹ̀” ní Yorùbá, kí àkọlé iṣẹ́ tí à ń túmọ̀ sì jẹ́ “Wíwọn awọlẹ̀ lórí ilẹ̀ àti nínú yàrà”. “Ìtànṣán ojú ọ̀run” tí wọ́n fi pe ohun tó ń bí múọ́ọ̀nù lókè lọ́hùn-ún, mi ò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn.

“Wíwọ̀n” ló kọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ onígàrí ni mí, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kóńgò ni ìyá mi fi ń wọn gàrí, á rọ ọ́ títí orí rẹ̀ á fi ṣe ṣónṣó, á wá bu ènì lé e. Ṣùgbọ́n oníṣu tó jókòó tì í, kíkà ni tirẹ̀: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Múọ́ọ̀nù, iṣu ni, kì í ṣe gàrí. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń la ike inú ẹ̀rọ kọjá, iná á kọ yẹ̀rì níbẹ̀, ẹ̀rọ á sì kà á sí ọ̀kan. Bí ẹ bá da ọwọ́ délẹ̀ báyìí, bí ẹyọ kan ló ń gba ojú èékánná àtàǹpàkò yín kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Ní Gran Sasso ní Ítálì, níbi tí àpáta 1,400 mítà ti bo ilé ìwádìí mọ́lẹ̀, ojú ibi tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó kì í rí ju bí ẹyọ kan lọ ní wákàtí kan. Ta ló ń fi kóńgò wọn iṣu kan ṣoṣo? Agbára tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbé wá, ìyẹn ni ká wọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n ní Erédò, yàrà ńlá àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ló mú àwọn lo “yàrà”. Mo ti sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ rí. Ògiri ilẹ̀ ga lọ́tùn-ún lósì, ewédò bò ó, àmọ́ mo gbójú sókè, sánmà ni mo rí. Òkè tààrà sì ni ọ̀pọ̀ múọ́ọ̀nù ti ń bọ̀. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wá nìkan ni ògiri yẹn lè dí lọ́nà. Kò sí òrùlé nínú yàrà. “Abẹ́ ilẹ̀” ìbá dára, ṣùgbọ́n nígbà tí Luis Alvarez, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, gbé ẹ̀rọ lọ sí pírámíìdì Khafre ní Íjíbítì ní nǹkan bí 1968, tó ń fi múọ́ọ̀nù wá yàrá tó fara sin (kò rí i), òkúta tí wọ́n tò sókè ló wà lórí ẹ̀rọ náà, kì í ṣe ilẹ̀. “Abẹ́ àpáta” ni mo fara mọ́.

Ní ti “awọlẹ̀” fúnra rẹ̀, mo fẹ́ takò ó tẹ́lẹ̀. Òrìṣà àti akọni la máa ń sọ pé wọ́n wọlẹ̀, wọn kì í sì í jáde mọ́. Ìgbà tí mo rò ó dáadáa ni mo rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti múọ́ọ̀nù rí: ọ̀pọ̀ wọn ò ju mítà mélòó kan lọ nínú àpáta tí wọ́n fi dúró síbẹ̀ pátápátá. Mo gbà fún ẹ̀gbọ́n. “Kíka awọlẹ̀ lórí ilẹ̀ àti lábẹ́ àpáta”, ó ti tó.

Àmọ́ níútírínò (neutrino) ńkọ́, ẹyọ tín-tìn-tín mìíràn tó ń wọlẹ̀ níhìn-ín tó ń jáde lódìkejì ayé?