Rótọ̀ méjì tó jọra lójú: ohun tí mo rí nídìí RX-8 mi l'Ádó-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá ń tún ẹ́ńjìnnì rótárì ṣe lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó ti páàtì èyí bọ inú tọ̀hún.

RX-8, ọkọ̀ Mazda tòkúnbọ̀, ni mo ń wà. Láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò dáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà á dé Ìwọ́rọ́kò tí mo pa á, kò ní jí mọ́ àfi tí ara rẹ̀ bá tutù. Mo pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, mo pààrọ̀ bátìrì, owó ṣòfò. Kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún atẹ́gùn pọ̀, ló ti lọ.

Ọ̀gá mi ní Àjílósùn ti tú Peugeot 504 títí ó sú u, àmọ́ kò tú irú èyí rí. Kò ní pístìnì, kò ní fáàfù. Rótọ̀ onígun mẹ́ta méjì ló wà níbẹ̀, kálukú ń yí nínú ilé tó rí bí èèpo ẹ̀pà oníhóró méjì. Kí rótọ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá àárín ti yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Apex seal, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní igun kọ̀ọ̀kan, ló ń sé atẹ́gùn mọ́. Tiwa ti jẹ, ojú ihò tó jókòó sí lára rótọ̀ kan sì ti ya.

Mo ra rótọ̀ Bẹ́líjíọ̀mù méjì l'Ékòó. Ẹni tó tà á ní ti ẹ́ńjìnnì 13B ni, pé 13B náà sì ni tèmi. Kò parọ́ níbẹ̀: 654 cc ni rótọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì. Èmi ni mo ń kánjú pé ká tì í wọlé. Ọ̀gá ní, "Ọmọ mi, uṣẹ́ ìkánjú kọ́ lèyí." Ó gbé rótọ̀ tèmi àti ti Èkó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì.

Ibẹ̀ ni ojú mi là. Kòtò tó wà lójú ti Èkó jìn ju tèmi lọ, torí ti RX-7, ọkọ̀ Mazda mìíràn tó ní tọ́bò, ni: 9.0 sí 1 ni kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀, ti RX-8 jẹ́ 10 sí 1. Ihò apex seal rẹ̀ náà jìn jù. Ara ilé tó yí rótọ̀ po ni èéfín RX-7 ń gbà jáde, ara irin pẹlẹbẹ tó bo ẹ̀gbẹ́ rótọ̀ ni ti RX-8 ń gbà, nítorí náà seal ẹ̀gbẹ́ wọn kò rí bákan náà rárá. A gbé wọn lọ sórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja tútù, ti Èkó wúwo jù. Ẹ sì mọ̀ pé ìwọ̀n rótọ̀ ni wọ́n fi gé counterweight iwájú (irin tó ń mú un dọ́gba kó má gbọ̀n) àti fláíwíìlì ẹ̀yìn. Mánúwà ni tèmi, ọ̀pá rẹ̀ lè yí dé ìgbà 9,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wo bí yóò ṣe gbọ̀n bí mo bá ti èyí wọlé! Àyà mi já.

Ẹni tó tà á kò gbà á padà. Ó dùn mí púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi dúró kí rótọ̀ RX-8 gidi tó dé.

Basilín ni a fi lẹ seal tuntun mọ́ àyè wọn kí wọ́n má bọ́ nígbà tí à ń tò ó. Ọ̀gá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ kàn án.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wà á lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Mo pa á nísàlẹ̀ Òkè Olóṣùnta, ara rẹ̀ gbóná janjan. Mo ka ọgọ́ta, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó jí.