Màmá mi kò gbé ìpè mi mọ́ nítorí owó agọ̀ eégún

Dáwódù Ìkòròdú: Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin ará, ọkàn mi gbọgbẹ́. Ẹbí wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ ní èmi dáwódù ni kí n mú owó wá láti fi rán aṣọ tuntun sí agọ̀ eégún ilé wa. Mo ní àtúnbí ni mí, n kò ní dá a. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bú mi níwájú àwọn ìyàwó ilé, wọ́n ní kí ọmọ kékeré kan fa àga kúrò lábẹ́ mi. Ìdúró ni mo wà títí ìpàdé fi tú! Bẹ́ẹ̀ ìdájí ni mo ti wọkọ̀, òjò sì pa mí. Màmá mi jókòó níbẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà wọn ò gbé ìpè mi. Ìṣe Àpọ́sítélì 5:29 ni mo dì mú, pé Ọlọ́run ló yẹ ká gbọ́ràn sí ju ènìyàn lọ. Ṣé mo ṣẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ má wẹ̀yìn o! Nígbà tí ọkọ mi kú, mo kọ̀ kí wọ́n fá irun mi. Ọdún 4 ni ìyá ọkọ mi kò fi kí mi. Lọ́dún karùn-ún, iṣu mẹ́ta ni wọ́n fúnra wọn rù wá sílé mi.

Bàbá Ṣèyí: Ṣé aṣọ nìkan ni, àbí wọ́n ní kí o bọ ọ́? Náámánì, olórí ogun Síríà, ní òun á máa tẹrí ba nílé òrìṣà Rímónì pẹ̀lú ọ̀gá òun, wòlíì Èlíṣà sì ní kó máa lọ ní àlàáfíà.

Díákónì: Bàbá Ṣèyí, ọ̀gá Náámánì ló fara ti ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe pé ó dáwó òrìṣà. Àpọ́sítélì Babalọlá fi iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà sílẹ̀ ní 1928 torí ìpè Ọlọ́run. Ta ló bi léèrè kó tó lọ?

Bàbá Ṣèyí: N kò ní kó bọ eégún. Mo ní kó dá mi lóhùn.

Dáwódù Ìkòròdú: Ẹ ṣé, Díákónì. Owó àgbò tí wọ́n máa pa sídìí agọ̀ wà nínú rẹ̀, sà.

Bàbá Ṣèyí: Ó dáa. Má san án.

Àǹtí Rónkẹ́: Màmá ńkọ́? Àgbàlagbà kì í déédé pa ọmọ tì.

Dáwódù Ìkòròdú: N kò fẹ́ sọ èyí. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí n kò fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn. Mo rò pé wọ́n á mú un fún ẹbí. Ilé ìjọsìn tí à ń kọ́ ni mo ń dá a sí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo oògùn.

Àǹtí Rónkẹ́: Háà! Ẹ ṣí Máàkù 7:11. Kọ́bánì tí Jésù torí ẹ̀ bá àwọn Farisí wí nìyẹn gan-an: ọmọ ní ohun tó yẹ kí òun fi tọ́jú ìyá, Ọlọ́run ni òun ti fún. Lórí ti eégún, ẹ̀yìn yín ni mo wà. Ṣùgbọ́n ta ló rán yín pé kí ẹ febi pa màmá?

Díákónì: Arákùnrin, mo ti ń gbèjà yín, n kò mọ̀ pé báyìí ló rí. Ẹ fowó ránṣẹ́ lónìí.

Dáwódù Ìkòròdú: Bí mo bá fi ránṣẹ́, ẹbí á ní mo ti juwọ́ sílẹ̀.

Àǹtí Rónkẹ́: Ẹbí kan náà tí ẹ ní ẹ ò bẹ̀rù?

Ìyá Ìbejì: Ẹ má fi owó ránṣẹ́ nìkan. Ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ dọ̀bálẹ̀.

Dáwódù Ìkòròdú: Mo ti fi ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ó ní sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn tó wà lórí tábìlì ti ṣófo láti ọjọ́ Àìkú. Ó ń lọ rà á báyìí. Ọkọ̀ àárọ̀ ọ̀la ni mo máa wọ̀.