0.853, ṣé a lè pe ìyẹn ní 1? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Mọ́níyà:
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi kẹ́ ẹ tó sọ tiyín. Oko ẹ̀gẹ́ 60 ni mo yí ká l'Ákínyẹlé àti Ìdó fún project mi, mo béèrè iye òṣìṣẹ́, owó irinṣẹ́, àti ẹ̀gẹ́ tí wọ́n hú. Mo mú log gbogbo ẹ̀, mo ṣe regression Cobb-Douglas (ìṣirò tó ń fi hàn bí òṣìṣẹ́ àti irinṣẹ́ ṣe ń mú kí ẹ̀gẹ́ pọ̀ sí i), coefficient òṣìṣẹ́, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ń mú ẹ̀gẹ́ pọ̀ tó, jáde ní 0.513, ti irinṣẹ́ 0.34. Ọ̀gá mi wá bi mí pé tí àgbẹ̀ bá sọ méjèèjì di ìlọ́po méjì, ṣé ẹ̀gẹ́ ẹ̀ náà á di ìlọ́po méjì? Ìyẹn ni pé ṣé coefficient méjèèjì pa pọ̀ jẹ́ 1.

Mo ro wọ́n pọ̀, 0.853, ó fi 0.147 dín. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan l'Ágbowó, mo mú standard error wọn (bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe lè yẹ̀ tó), 0.07 àti 0.08, mo sọ wọ́n di square, mo ro ó pọ̀, ó jẹ́ 0.0113, mo mú root ẹ̀, ó jẹ́ 0.106. Mo fi pín 0.147, 1.38 péré, kò tó nǹkan bíi 2 tá a fi ń mọ̀ pé ìyàtọ̀ dájú! Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé constant returns ni (ìlọ́po méjì á mú ìlọ́po méjì wá), mo tẹ̀ ẹ́, mo lọ fún wọn.

Ọ̀gá fi bírò pupa yí ibẹ̀ po, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ: covariance, ìyẹn bí àṣìṣe nọ́ńbà méjèèjì ṣe ń rìn pọ̀. Ó dùn mí wọra. Oko tó lóṣìṣẹ́ púpọ̀ ló máa ń nírinṣẹ́ púpọ̀, torí ẹ̀ tí coefficient ọ̀kan bá lọ sókè èkejì á wálẹ̀, covariance wọn jẹ́ -0.00385. Ẹ fi ìlọ́po méjì ìyẹn kún 0.0113 tí mo ní tẹ́lẹ̀, 0.0036 ló kù, root ẹ̀ 0.06. Ẹ fi pín 0.147, ó di 2.45! Ọ̀rọ̀ yí padà bìrí, a ò lè pè é ní 1 mọ́. Kó lè dá mi lójú, mo fi tipá sọ ọ́ di 1, mo yọ log òṣìṣẹ́ kúrò lára log ẹ̀gẹ́ àti log irinṣẹ́, mo tún un ṣe. RSS (àròpọ̀ square àṣìṣe tó ṣẹ́ kù) kúrò ní 11.4, ó di 12.6. 11.4 tá a fi 57 pín (oko 60, ẹ yọ nọ́ńbà 3 tí regression ṣírò) jẹ́ 0.2, ẹ fi ìyẹn pín 1.2 tó lé, F, òṣùwọ̀n ìdánwò náà, jẹ́ 6, téèbù ò sì béèrè ju 4 àti díẹ̀ lọ ní 5%. 2.45 lọ́nà 2.45 náà nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Òjòó:
Ẹ kú iṣẹ́ àbúrò. R² (ìpín ìyàtọ̀ tí regression lè ṣàlàyé) ló mú èmi. Mo yọ log òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo wá fi R² méjèèjì ṣe F, ó tóbi kọjá ààlà. Ohun tá à ń ṣàlàyé ti yí padà, log ẹ̀gẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, log ẹ̀gẹ́ lórí òṣìṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kejì, R² wọn ò ṣeé fi wéra, RSS ni kẹ́ ẹ lò. Cobb àti Douglas fúnra wọn ní 1928, wọn ò dán an wò rárá, wọ́n kàn gbà pé 1 ni, ìyẹn 3/4 fún òṣìṣẹ́ àti 1/4 fún capital. Ṣé o padà sọ fáwọn àgbẹ̀ yẹn?

Ọmọ Mọ́níyà:
Mo padà lọ mà. Bàbá kan ní Ìdó gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ilẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà di méjì?" Mi ò béèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Láti Monday ni mo ti ń yí oko 60 yẹn ká lẹ́ẹ̀kan sí i, mò ń kọ iye éékà.