Karafáànì àti ajá méjì láti Cairns dé Darwin: kí la máa ṣọ́ra fún?

Àdùkẹ́ Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní Cairns ní Ọsirélíà, òun àtìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra karafáànì, ilé kékeré tó ní táyà yẹn tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí mọ́tò, wọ́n ní kí n wá ká jọ gbé e lọ sí Darwin, àjò tó ju 2,000 kìlómítà lọ. Ajá wọn méjì ń bá wa lọ, èmi ni n ó sì máa tọ́jú wọn lọ́nà. December ni mo máa gba kọ́ńjé. Kí ló wà lọ́hùn-ún tó lè ṣe ajá ní jàǹbá? Ṣé mo sì lè mú ajá tèmi náà dání láti Àjàṣẹ́?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Táńtì, ẹ kú ìmúra o. Darwin ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó padà sílé. Ẹ má lọ ní December rárá. Láti November dé April ni òjò ibẹ̀, odò á kún bo gúdúrọ́nù, wọ́n á ti ọ̀nà pa, ìjì líle tún wà níbẹ̀, ooru ìgbà yẹn sì le fún ajá torí ajá kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu ló fi ń mí ooru jáde. Ẹ sún un sí June tàbí July, ìgbà tójò ń pa yín ní Àjàṣẹ́ ni ibẹ̀ gbẹ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni odò. Ọ̀nì ibẹ̀ lè gùn tó mítà 6, ó ń gbé lókun, ó ń gbé lódò, ó sì ń wọ inú omi tí ò níyọ̀ jìnnà sínú ilẹ̀, ajá sì máa ń fà á mọ́ra. Omi lè dúró jẹ́ẹ́ tẹ́ ẹ ò ní rí nǹkan kan lórí ẹ̀, kó wà lábẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní kéèyàn jìnnà sétí omi tó mítà 5 ó kéré tán, èmi ò ní jẹ́ kí ajá débẹ̀ rárá. Inú abọ́ ni kẹ́ ẹ ti fún wọn lómi, kí okùn ọrùn wọn má gùn.

Kakadu, igbó ńlá tí ìjọba dá sí tí gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ lọ wò, wọn ò gbajá wọbẹ̀, àfi èyí tó ń ran aláàbọ̀ ara lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọbẹ̀, ẹ má ti ajá mọ́ inú karafáànì o, tíná tó ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù bá kú, ajá lè kú síbẹ̀. Àwọn tó ń báni tọ́jú ajá wà nílùú Katherine àti Darwin, ẹ tètè gba àyè torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni arìnrìn-àjò ń dà síbẹ̀.

Ọlọ́sìn Kétu:
Mo ń bá dókítà ẹran ṣiṣẹ́. Táńtì, ẹ fi ajá tiyín sílẹ̀. Dìgbòlugi wà lọ́dọ̀ wa, kò sí lára ajá Ọsirélíà, wọn ò gba ajá tó bá ti Bẹ̀nẹ̀ lọ tààrà.

Eégbọn tó kún ara ajá wa níbí náà wà lọ́hùn-ún, ó ń gbé àrùn ehrlichiosis, 2020 ni wọ́n rí i lára ajá ibẹ̀. Ibà ni, ajá ò ní jẹun, imú ẹ̀ lè máa ṣẹ̀jẹ̀. Lẹ́bàá òkun ní Cairns, eégbọn mìíràn wà tó ń rọ ajá lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ máa ń rọ, ohùn ẹ̀ á yí padà, tẹ́ ẹ bá ti rí ìyẹn ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ fọwọ́ tú irun wọn lálaalẹ́, etí, abẹ́ ọrùn, àárín ọmọ ìka. Ẹ̀fọn ibẹ̀ sì ń kó aràn sí ajá lọ́kàn, kí wọ́n ti lo oògùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ọ̀pọ̀lọ́ ńlá kan tún wà, 1935 ni wọ́n kó o wọ Queensland, ìpínlẹ̀ tí Cairns wà, pé kó máa jẹ kòkòrò tó ń ba ìrèké jẹ́, kò rí kòkòrò pa, ńṣe ló gba gbogbo àríwá. Oró wà léjìká ẹ̀. Tájá bá gbé e sẹ́nu, itọ́ á máa hó, èrìgì á pọ́n. Ẹ fi aṣọ tútù nu ahọ́n àti èrìgì ẹ̀ léraléra, ẹ máa ṣan aṣọ náà, ẹ má da omi sí i lọ́fun kó má gbé oró mì, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá dókítà.

Lóko màlúù, wọ́n ń fi ẹran tí wọ́n kó májèlé tí wọ́n ń pè ní 1080 sí pa ajá igbó. Kò lẹ́rọ̀. Ẹ dí ajá tiyín lẹ́nu tẹ́ ẹ bá sọ̀ níbẹ̀.

Àdùkẹ́ Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi, June ni, ajá mi á wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Pọ̀bẹ̀. Tá a bá ń rìn ńkọ́, inú karafáànì ni wọ́n á wà àbí lọ́dọ̀ wa?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Lọ́dọ̀ yín nínú mọ́tò, kẹ́ ẹ fi bẹ́líìtì dè wọ́n. Kamiyọ́n ibẹ̀ lè gùn ju mítà 50 lọ, apá òsì ni wọ́n sì ń rìn, kì í ṣọ̀tún bíi tiwa. Tẹ́ ẹ bá yà sẹ́bàá títì, ẹ ti bọ ajá lókùn kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀kùn òsì sì ni kẹ́ ẹ gbà sọ̀, torí tọ̀tún á gbé yín sójú kamiyọ́n.