Ta ló ti bá òyìnbó lọ wo ẹyẹ rí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ (ìlú Reading, England): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà ní kí n máa rìn dáadáa nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, jímù sì ti sú mi, ni ìyá òyìnbó tó ń gbé ilé kejì bá ní kí n wá bá àwọn wo ẹyẹ ní Sátidé tó ń bọ̀, pé ẹgbẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Mi ò ní bínókúlà, yàtọ̀ sí ẹyẹlé mi ò mọ ẹyẹ kankan níbí, ó sì lè jẹ́ èmi nìkan ni màá jẹ́ dúdú láàárín wọn. Ṣé kí n lọ?

Bọ̀dá Ṣàgámù (London): Lọ jàre. Má tíì ra bínókúlà o. Ẹni tó ń ṣáájú wa máa ń kó mẹ́ta mẹ́rin sínú báàgì fún àwọn tí ò ní, oṣù mẹ́rin ni mo fi yá tiwọn kí n tó ra àlòkù. Tí o bá máa rà, 8x42 ni kí o bèèrè. 8 yẹn ni iye ìgbà tó fi ń mú nǹkan sún mọ́ni, 42 ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú ní mìlímítà, ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Má jẹ́ kí wọ́n fi 12 tàn ẹ́, bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀ báyìí ẹyẹ á máa jó lójú ẹ. Ojú lásán ni kí o kọ́kọ́ fi mú ẹyẹ náà, má gbójú kúrò lára ẹ̀, kí o wá rọra gbé bínókúlà wá bá ojú. Mi ò mọ èyí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ewé nìkan ni mò ń rí, gbogbo wọn ń ṣe "áà", èmi náà ń ṣe "áà", irọ́ ni mò ń pa.

Àǹtí Ìjẹ̀bú-Igbó (Dagenham): 😂😂 Bọ̀dá ẹ ò dáa. Àbúrò mi, aṣọ ni kí o ṣọ́ra fún. Mo gbé rénkóòtì kan wọ̀ tó ń ṣe ṣàkàṣàkà bí ọ̀rá búrẹ́dì, gbogbo ẹyẹ igbó yẹn ló fò lọ, kò sẹ́ni tó bú mi ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn. Ní ti àwọ̀ wa, má kọjú bínókúlà sí fèrèsé ẹnikẹ́ni, kí ìwé ẹyẹ sì wà lọ́wọ́ ẹ. Bàbá kan dá mi dúró láàárọ̀ kùtù pé kí ni mò ń wò, mo ṣí ìwé hàn án, ló bá ní ṣé mo ti rí robin, ẹyẹ kékeré aláyà pupa, tó wà lẹ́yìn ilé òun. Mo máa ń gbé pọfupọ́ọ̀fù dání, ìgbà tí wọ́n ti tọ́ ọ wò ni wọ́n ti mọ orúkọ mi.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ ṣé gan-an ma. Ẹyẹ ńlá kan ń fò yí ká orí ilé wa níbí, ìrù ẹ̀ là sí méjì, lọ́jọ́ kan ó já sándíwíìṣì gbà lọ́wọ́ ọmọ kan ní páàkì!

Bọ̀dá Ṣàgámù: Red kite nìyẹn, àwòdì ni. Wọ́n ti pa á tán nílẹ̀ England tẹ́lẹ̀, 1989 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o padà wá, púpọ̀ nínú wọn láti Spain, sí àwọn òkè Chilterns tó wà nítòsí yín yẹn. Àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun, tiyín ń wo oúnjẹ ará ilẹ̀ ni. Robin àti blackbird ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Abo blackbird ò dúdú o, bíi kòkó ló rí, ọdún kan gbáko ni mo fi ń pè é ní ẹyẹ míì. Gba Merlin sórí fóònù, Yunifásítì Cornell ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, á gbọ́ ohùn ẹyẹ á sọ orúkọ ẹ̀, àmọ́ ó máa ń ṣì í, èyí tí ojú ẹ bá rí ni kí o kọ sílẹ̀. Má sì fi fóònù kọrin ẹyẹ láti fi pè é jáde, wọn ò fẹ́ ẹ rárá, pàápàá nígbà tí ẹyẹ bá ń yé ẹyin.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde (mo ti padà sílé): Ẹ wo ayé. Àwa tá a fi rọ́bà lé ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ, tá a fi àtè mú ẹyẹ, àwa náà la wá ń sanwó ọkọ̀ lọ wo ẹyẹ. Bínókúlà tí mo rà ní London ni mò ń gbé lọ sí Igbó Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní J4, igbó tí UNESCO kọ mọ́ àwọn igbó tó yẹ ká dáàbò bò ní 1977. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn ìjọba tó ń ṣọ́ igbó kí ẹ tó wọlé, kí ẹ mú ọdẹ kan dání, ọdẹ ju Merlin lọ. Àgbìgbò ń bọ̀, èmi ò tíì rí nǹkan kan, ọdẹ ti na ìka, ìyẹ́ ẹ̀ ń dún fìì fìì lókè bí ẹni ń gbọn aṣọ. Tí ẹ bá wálé nígbà ọyẹ́, ẹ wo òkè dáadáa, lára alápàńdẹ̀dẹ̀ tó ń kúrò lọ́dọ̀ yín ní September, ọ̀dọ̀ wa nílẹ̀ Áfíríkà ló ń bọ̀.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́: Mo ti lọ mo ti bọ̀. Ẹyẹ mọ́kànlá ni mo kọ sílẹ̀, akókó ni mo fẹ́ràn jù, ó ń gbá igi bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ìyá òyìnbó ní kí n pe orúkọ ẹ̀ ní Yorùbá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gbìyànjú ẹ̀, ó ṣì ń pè é ní "kókò". Ọ̀sẹ̀ méjì sí i la tún ń lọ. Àǹtí, báwo lẹ ṣe ń di pọfupọ́ọ̀fù yẹn tí kì í fi rọ̀?