Báwo ni mo ṣe lè fi ọlidé múra sílẹ̀ fún Lítíréṣọ̀ SS3?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin olùkọ́ wa. SS3 ni mò ń wọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára ohun tí màá ṣe ní WAEC. Òfin ni mo fẹ́ kà ní yunifásítì, mi ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ìtàn àròsọ inú pépà kejì ò dà mí láàmú. Ewì tó wà ní pépà kẹta gan-an ni. Mo lè tọ́ka sí àfiwé tààrà, mo dá ìfohunpènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ewì, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu mi. “Kí ló wá ṣe níbẹ̀?” ni olùkọ́ wa fi bírò pupa kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn mi.

Eré Shakespeare tí wọ́n ń mú ìbéèrè inú rẹ̀ jáde ní pépà kìíní náà tún wà ńbẹ̀. Ṣé kí n kà á tán láìdúró, kí n tó pa dà sórí ọ̀rọ̀ tó le? Àbí kí n kọ́kọ́ wò ó nínú fídíò? Báwo lẹ̀yin ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ewì láìsí olùkọ́ nítòsí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.